Ṣíìpù Kékeré Tó Dá Fáktírì Ńlá Dúró

Lálẹ́ ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 2000, àrá sán ní ìlú Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ṣẹ́jú, iná gidi sì sọ nínú fáktírì kan tí Philips ti ń ṣe ṣíìpù fún fóònù. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi pa á. Ẹni tó bá ní Ṣàngó ló bínú, n ò ní bá a jiyàn, àmọ́ ìbínú kékeré ni, ẹnikẹ́ni ò lè pè é ní ìjàm̀bá ńlá.

Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tiwa níbí ni, a ó gbá eérú dà nù, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìpù kì í ṣe ibi tí èéfín ń wọ̀. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mọ́ ju ti yàrá tí dókítà ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ máa ń wọ aṣọ tó bo orí bo ẹsẹ̀, nítorí eruku tí ojú lásán ò lè rí tó láti ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́. Èéfín iná yẹn àti omi tí wọ́n fi pa á ló ṣe ọṣẹ́ ju iná lọ. Philips kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan ni iṣẹ́ máa fi dúró. Ọ̀sẹ̀ kan di ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀sẹ̀ mélòó kan di oṣù.

Àwọn oníbàárà méjì tó tóbi jù níbẹ̀ ni Nokia ti Finland àti Ericsson ti Sweden. Nokia ò fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pe Philips, wọ́n ní kí àwọn fáktírì rẹ̀ mìíràn yàgò fún iṣẹ́ tiwọn, wọ́n tún lọ bá àwọn aṣeṣíìpù mìíràn ní Japan àti Amẹ́ríkà. Ericsson ní tirẹ̀ dúró de ìhìn rere. Nígbà tí ìhìn burúkú dé, kò síbòmíràn tó lè yà sí, torí ọ̀dọ̀ Philips nìkan ló ti ń ra irú ṣíìpù bẹ́ẹ̀. Ọjà tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 400 mílíọ̀nù dọ́là, lọ́dún 2001 ló sì lọ da iṣẹ́ fóònù rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Sony. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rántí Sony Ericsson, iná ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn wà lára ohun tó so yìgì náà.

Rẹ́wáyà ni mí, ní Ìbàdàn. Iná mọ́tò ni mò ń tọ́jú, ti brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló sì wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ mi báyìí. Bí mo bá gbé ọ̀kan sórí tábìlì, màá tú nọ́ọ̀tì rẹ̀, màá fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ya gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ kí omi má baà wọlé. Pátákó aláwọ̀ ewé ló wà nínú rẹ̀, àwọn nǹkan dúdú onígun mẹ́rin jókòó sí i, àwọn ni ṣíìpù, ẹsẹ̀ wọn tín-ín-rín, ó pọ̀ débi pé ojú máa ń rẹ èèyàn kó tó kà á tán. Orúkọ wà lẹ́yìn wọn, àfi kéèyàn fi sípírítì nù ún kó sì gbé e sábẹ́ gílóòbù kó tó lè kà á: Renesas, Infineon, ST, Freescale. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ni mo mọ̀ kí n tó mọ ibi tí wọ́n ti wá. Ọdún 2021, tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí, tí brain box tòkunbọ̀ náà gòkè tẹ̀ lé e, ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ìdí wọn. Oníbàárà mi kan ló fà á. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin rẹ́wáyà ti gbìmọ̀ pọ̀ ni?” Mo ní, “Àbúrò mi, kì í ṣe ọwọ́ wa.” Ó ní, “Ọwọ́ ta wá ni?” Èsì ìbéèrè yẹn ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí.

Òkúta funfun kan tí wọ́n ń pè ní quartz ni ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìpù. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ sílíkọ́nì, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fà á sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di òpó, wọ́n á wá rẹ́ òpó náà sí àwo róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà. Orí àwo yìí ni wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán sí. Bí wọ́n bá yà á tán, wọ́n á fi kẹ́míkà họ ibi tí kò yẹ kó kù, wọ́n á da nǹkan mìíràn bò ó, wọ́n á tún yà á, wọ́n á tún họ ọ́. Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbésẹ̀ lórí àwo kan ṣoṣo, ó sì ń gbà tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí owó ò fi lè mú un yá. Bí ọ̀gá fáktírì mọ́tò bá gbé àpò dọ́là lọ lónìí, tó ní kí wọ́n fún òun ní ṣíìpù lọ́la, wọ́n á fún un ní àga.

Yorùbá ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nínú ọjà ṣíìpù, ọ̀nà kan náà ló wọ ibi púpọ̀. Quartz tó mọ́ jù lọ láyé, tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò tí wọ́n ń yọ́ sílíkọ́nì nínú rẹ̀, ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Spruce Pine, ní àárín òkè North Carolina, ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ ti ń wá. Àwọn ṣíìpù tó gbayì jù, ti fóònù olówó ńlá àti kọ̀ǹpútà ayé tuntun, erékùṣù Taiwan ló ń ṣe iye tó ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Ilé iṣẹ́ TSMC, tí Morris Chang dá sílẹ̀ ní ìlú Hsinchu lọ́dún 1987, ni aṣíwájú wọn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán àwọn ṣíìpù wọ̀nyẹn, ẹ̀rọ tó wúwo tó 180 tọ́ọ̀nù, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló lè ṣe é láyé: ASML, ní Veldhoven, ní Netherlands. Jámánì ni dígí inú ẹ̀rọ yẹn ti ń wá. Bí wọ́n bá ṣe ṣíìpù tán, wọ́n tún ń gbé ọ̀pọ̀ rẹ̀ lọ sí Malaysia kí wọ́n lè dì í sínú ike dúdú tó ní ẹsẹ̀, kí wọ́n sì dán an wò.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Ajínọmótò. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ajínọmótò inú ọbẹ̀ wa náà ló ń ṣe bébà ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń jẹ́ ABF. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí kẹ́míkà tó bá iṣẹ́ adùnọbẹ̀ wọn tan ni wọ́n ṣàkíyèsí pé ó lè dí iná lọ́nà. Lónìí, ẹ ò lè rí kọ̀ǹpútà gidi kan tí ABF ò sí lábẹ́ ṣíìpù ńlá inú rẹ̀. Lọ́dún 2021, bébà yìí náà ṣọ̀wọ́n. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ohun tó ń dà sínú ẹ̀fọ́ àti kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀, bàbá kan náà ló bí wọn. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò yẹ kí òun máa dà á púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ mọ́tò. Nígbà tí kòrónà dé lọ́dún 2020, àwọn fáktírì mọ́tò ti ilẹ̀kùn. Wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni ò ní ra mọ́tò mọ́ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n bá fagi lé ṣíìpù tí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe fún wọn. Àwọn tó jókòó sílé wá ń ra kọ̀ǹpútà, fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù, àwọn aṣeṣíìpù sì fi àyè tó ṣófo fún àwọn yẹn. Kí ọdún tó parí, mọ́tò ti tún ń tà. Ẹ wo ẹni tó kó aṣọ iléyá fún tẹ́lọ̀, tó lọ gbà á padà torí ó gbọ́ pé ọdún ò ní dùn, tó tún wá gbé e dé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan. Tẹ́lọ̀ á ní, “Alhaji, ẹ jókòó. Àwọn wọ̀nyí ló wà níwájú yín.” Èmi ò káàánú àwọn onímọ́tò lórí èyí. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi kúrò lórí ìlà.

Ohun tó wá kàn wọ́n lẹ́yìn náà ni kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù líle kan bo Texas mọ́lẹ̀, iná ìjọba ò ká gbogbo ìlú mọ́, wọ́n sì ní kí àwọn fáktírì ṣíìpù tó wà ní Austin pa ẹ̀rọ: Samsung, NXP àti Infineon. Texas tó ń fi epo rọ̀bì yangàn ni NEPA mú. Ó ju oṣù kan lọ kí Samsung tó padà sí ipò. Ẹ̀rọ ṣíìpù kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ tá a máa fà kó bú. Àwo tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí iná lọ ti di ẹrù ààtàn nìyẹn.

Oṣù Kẹta ọdún náà, ọjọ́ 19, iná sọ ní fáktírì Renesas tó wà ní Naka, ní Japan. Renesas yìí ni orúkọ tí mò ń rí jù lẹ́yìn àwọn ṣíìpù inú brain box mọ́tò Japan, kò sì jọ mí lójú nígbà tí mo kà á pé nínú irú ṣíìpù tó ń ronú fún mọ́tò, nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 tí gbogbo ayé ń lò, ọwọ́ wọn ló ti ń jáde. Ibi tó jó ò ju 600 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ni wọ́n tó tún tan ẹ̀rọ, oṣù Kẹfà ni iṣẹ́ tó dé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Iná yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn tí ọkọ̀ ojú omi Ever Given fi há sí ipadò Suez, tó dí ọ̀nà fún ọjọ́ mẹ́fà. Ní Taiwan, ìjì líle tó máa ń gbé òjò wá kò wọlé lọ́dún 2020, ọ̀dá dá, wọ́n ní irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ láti ọdún 56 sẹ́yìn. Omi tó mọ́ kedere ni wọ́n fi ń ṣan àwo ṣíìpù, ọ̀pọ̀lọpọ̀ omi lójoojúmọ́. TSMC bẹ̀rẹ̀ sí í fi táńkà pọn omi. Ìjọba sì dá omi oko dúró lórí ilẹ̀ ìrẹsì tó pọ̀, wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má gbìn. Ìrẹsì àti ṣíìpù du omi, ìrẹsì ló jẹ̀bi.

Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún 2021, kòrónà tún gbóná ní Malaysia, níbi tí wọ́n ti ń di nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 ṣíìpù ayé tí wọ́n sì ń dán an wò. Àwọn fáktírì tì. Toyota kéde pé òun máa dín mọ́tò tí òun fẹ́ ṣe ní oṣù Kẹsàn-án kù ní ìdá 40 nínú 100.

Toyota ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló kọ́ gbogbo ayé pé kí wọ́n má kó ọjà jọ, kí ẹrù dé lọ́jọ́ tá a máa lò ó gan-an. Òun náà ló kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀ lórí ṣíìpù. Lọ́dún 2011 tí ilẹ̀ mì tìtì ní Japan, fáktírì Naka yìí kan náà wó lulẹ̀ nínú, ó tì fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Toyota jìyà rẹ̀. Látìgbà náà ni wọ́n ti ní kí àwọn tó ń bá wọn ṣe àwọn ẹ̀yà mọ́tò máa tọ́jú ṣíìpù oṣù méjì sí oṣù mẹ́fà sílé. Ìyẹn ni wọ́n jẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún 2021 tí ebi ti ń pa àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí ọdún yẹn parí, Toyota ló ta mọ́tò jù ní Amẹ́ríkà, ipò tí General Motors ò tíì gbé sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún 1931.

Àwọn yòókù ń wá ọgbọ́n dá. Ford ṣe ọkọ̀ akẹ́rù tó kù díẹ̀ kó parí, ó kó wọn jọ bẹẹrẹbẹ sí pápá eré ìje mọ́tò kan ní Kentucky, ó ń retí ṣíìpù. Peugeot yọ dáṣíbọ́ọ̀dù oníkọ̀ǹpútà kúrò lára 308, ó padà sí èyí tó ní abẹ́rẹ́ tó ń yí, irú èyí tí mo fi kọ́ṣẹ́. (Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí fọ́tò rẹ̀. Àwọn rẹ́wáyà àgbà á ti mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.) AlixPartners, àwọn tó ń gba àwọn onímọ́tò nímọ̀ràn, ṣírò rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 pé mọ́tò 7.7 mílíọ̀nù ni ayé ò ní lè ṣe lọ́dún náà, owó tó sì máa bọ́ lọ́wọ́ wọn tó 210 bílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ṣíìpù tó fa èyí, owó wọn ò tó dọ́là mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan Ìbàdàn. Ẹni tí kò rí mọ́tò tuntun rà ní Amẹ́ríkà kò ta èyí tó ní, tàbí kó lọ du èyí tí ẹlòmíràn ti lò. Láàárín ọdún kan sí oṣù Kíní 2022, owó mọ́tò àlòkù níbẹ̀ fi ìdá 40 nínú 100 gòkè. Mọ́tò àlòkù wọn yẹn ni tòkunbọ̀ tiwa. Gbàǹjo kan náà ni àwọn tó ń gbé ọjà gba Cotonou àti Èkó wọlé ti ń rà á, wọ́n sì ń bá aráalé níbẹ̀ du ú. N ò ní purọ́ pé ṣíìpù nìkan ló fà á; náírà tó ń já bọ̀ àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù ní ìpín tiwọn, bóyá ìpín tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò yẹn bi mí pé ọwọ́ ta ni, ó yẹ kí n ti sọ fún un pé kó bẹ̀rẹ̀ láti Naka.

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ náà parí pẹ̀lú kòrónà. Kò parí. Oṣù Kejì ọdún 2022, ogun dé Mariupol àti Odesa ní Ukraine, ilé iṣẹ́ méjì tó ń fọ gáàsì neon níbẹ̀ sì dúró. Ọwọ́ àwọn méjèèjì yìí ni nǹkan bí ìdajì neon tí àwọn aṣeṣíìpù ayé ń lò sínú iná lésà wọn ti ń wá. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjì Helene da omi bo Spruce Pine, ìwakùsà quartz sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Èyí tó ká mi lára jù ni ti ọdún 2025, torí kì í ṣe iná, kì í ṣe omi. Ilé iṣẹ́ Nexperia wà ní Nijmegen, ní Netherlands, àmọ́ àwọn ará Ṣáínà ló ni ín. Ṣíìpù tó ń ṣe kò gbayì rárá. Wọ́n ju 100 bílíọ̀nù lọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì tó sẹ́ǹtì mélòó kan. Ìparí oṣù Kẹsàn-án ni ìjọba Netherlands gba ìjánu ilé iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá, Ṣáínà ní ẹrù Nexperia ò gbọdọ̀ jáde kúrò nílẹ̀ òun mọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń di nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 rẹ̀. Kí oṣù yẹn tó parí, fáktírì Honda tó wà ní Celaya, ní Mexico, ti dá iṣẹ́ dúró. Ìjà àwọn ìjọba méjì lórí ṣíìpù tí owó rẹ̀ ò ra gúgúrú ló dá mọ́tò dúró ní orílẹ̀-èdè kẹta.

Àwọn ìjọba ń náwó báyìí. Òfin tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ya nǹkan bí 52 bílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ṣíìpù, TSMC sì ti kọ́ fáktírì sí Phoenix, ní Arizona. Ó dára. Àmọ́ bí mo ṣe ń wò ó, èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn ń tẹ̀ lé ṣíìpù tuntun tó ń dán, èyí tí ń mú èrè wá. Kì í ṣe irú rẹ̀ ló dá Ford dúró ní Kentucky, kì í sì í ṣe irú rẹ̀ ni Nexperia ń ṣe. Èyí tó wù mí ni fáktírì Kumamoto, ní Japan, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kejì ọdún 2024: Sony, Denso àti Toyota bá TSMC dówó pọ̀ sí i, ṣíìpù tí kì í ṣe ti àṣà tuntun, tí mọ́tò ń lò, sì wà lára ohun tó ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ jẹ ọbẹ̀ ló dáwó ẹran.

Ní ti àwa tá à ń gun mọ́tò ọdún 2005 àti 2008, kò sí ìjọba kankan tó ń kọ́ fáktírì nítorí tiwa. Ọ̀pọ̀ ṣíìpù inú brain box wọn, àwọn tó ṣe wọ́n ti jáwọ́ nínú ṣíṣe wọn. Inú èyí tó ti kú ni a ti ń tú u fún èyí tó ṣì ń mí. Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń fọ ẹ́ńjìnnì pé kí wọ́n má yin omi sí brain box. Bí mọ́tò yín bá sì kú pátá, kí ẹ tó tà á fún àwọn onírin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù, ẹ tú brain box rẹ̀ sílẹ̀, ẹ gbé e tọ rẹ́wáyà tó wà nítòsí yín lọ. Yóò san owó lé e, á sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.